Ohun tí a kò kọ sára páálí



Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, kò sí ohun tí kì í kà. Á ka pátákó ojú ọ̀nà, á ka ara àpò ìrẹsì, á ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mọ́tò àti nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀wù àwọn zẹ́mìján. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo ń jókòó tì yín lálẹ́ nígbà tí ẹ bá ti ọjà dé. Inú mi máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n lónìí, ìjà ni mo gbé wá. Mo fẹ́ bá àwọn tí ń fi ìwé tàn wá jẹ jà. Mo sì fẹ́ bá àwọn mìíràn jà, àwọn tó ní bí a bá ti mọ̀wé kà, kò sí ẹni tó lè tàn wá jẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn tíì, kọfí, ìyẹ̀fun àti hóró tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé, pé ó ń yọ ọ̀rá, pé ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tó bá mu ún fún oṣù kan yóò tún rí bí ọmọge. Ẹ ti rí wọn. Wọ́n ń kiri wọn nínú ọjà, wọ́n ń tà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dirun, wọ́n ń polówó wọn lórí tẹlifóònù. Páálí wọn máa ń dára lójú. Wọ́n ya ewé tútù sí i, wọ́n ya obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewé ni, pé atalẹ̀ ni, pé ọsàn ni, pé kò sí oògùn òyìnbó kankan nínú rẹ̀.

Ìwé irọ́ ni èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ilé àyẹ̀wò, èyí tí a ń pè ní lábò, ló sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. FDA ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àjọ náà kéde fún ará ìlú pé àwọn ti rí oògùn tí wọ́n fi pamọ́ sínú ohun tó lé ní 25 tí wọ́n ń tà fún àtirù. Wọn kò dúró níbẹ̀. Láti ọdún 2007 títí dé 2016, oríṣi àfikún oúnjẹ tí wọ́n kéde pé oògùn tí a kò kọ sára páálí wà nínú rẹ̀ jẹ́ 776. Nínú 776 yẹn, 317 ni wọ́n ń tà fún àtirù. Nínú 317 yẹn, oògùn kan náà ni wọ́n bá nínú 269. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibi ìpín nínú ìṣirò, ẹ ṣe é wò: nínú mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ.

Orúkọ oògùn náà gùn díẹ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀: si-bu-tra-mi-ni. Báyìí ni àwọn òyìnbó ṣe ń kọ ọ́: sibutramine. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ óò tún bá a pàdé.

Oògùn gidi ni nígbà kan. Ní ọdún 1997 ni Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ, dókítà ló sì ń kọ ọ́ fún àwọn tó sanra jù. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó lò ó tètè yó. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí ọkàn sáré, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ru. Nítorí náà wọ́n dán an wò lára àwọn àgbàlagbà bíi 10,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní àrùn ọkàn tàbí àrùn ṣúgà tẹ́lẹ̀. Nínú 100 tó lo sibutramine, ó lé ní 11 tí ọkàn wọn dá wọn lẹ́jọ́ lójijì, tàbí tí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí tí àrùn ọkàn pa. Nínú 100 tí kò lò ó, mẹ́wàá ni. Ó lè jọ pé ìyàtọ̀ náà kéré. Síbẹ̀ wọ́n gbà pé ó pọ̀ jù fún oògùn tí ń mú ènìyàn rù níwọ̀nba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Yúróòpù ní kí wọ́n dá a dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wò ó. Àwọn tí mo sọ yìí, dókítà ló ń wọn oògùn fún wọn: miligíráàmù 10 lóòjọ́, ó pọ̀ jù lọ 15. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí nǹkan bá yí padà, wọ́n á dáwọ́ dúró. Ta ló ń wọn ti inú tíì? FDA bá èyí tó ju ìwọ̀n tí dókítà lè fúnni lọ nínú àwọn kan. Ẹni tí ń po ìyẹ̀fun náà pọ̀ ní kọ̀rọ̀ kò rí ojú yín rí. Kò mọ̀ bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò mọ̀ bóyá ẹ lóyún, kò sì fẹ́ mọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò sọ pé, “Olùkọ́, mo mu ún, mo sì rù.” Mo gbà fún yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ta ni nínú wa tí kò mu omi atalẹ̀ rí? Ta ni kò lá ọsàn wẹ́wẹ́ rí? Ta ni ó lá ọsàn wẹ́wẹ́ tí ebi kò pa á mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta? Ohun tó wà nílé wa láti ìgbà ìyá ìyá wa, a mọ agbára rẹ̀. Bí ó bá wá wọ inú páálí tán tó ń lé oorun, tó ń gbẹ ẹnu, tó ń mú oúnjẹ kúrò lọ́kàn ènìyàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ràn án lọ́wọ́. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn ni ó fi ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì mi, aṣọ ló ń tà. Ó mu irú tíì bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò rí oorun sùn. Ó ní àyà òun ń lù kì-kì-kì bíi pé ẹnìkan ń lé òun. Ó mú páálí náà wá fún mi, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, Fàráńsé inú rẹ̀ pàápàá, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Kò sí ohun tó lè ṣe ènìyàn ní ibi nínú gbogbo ohun tó kà. Ó dáwọ́ mímu rẹ̀ dúró, oorun sì padà. Páálí yẹn dé orí ààtàn láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí obìnrin yìí gbé mì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ tí mo ń rò nìyẹn.

Nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé wa máa ń sọ lórí rédíò pé, “Ẹ máa ka ara páálí kí ẹ tó rà á.” Wọ́n á sọ ọ́ bíi pé àìmọ̀wé wa ló ń pa wá. Sẹtífíkà nìkan ni èmi ní, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwé kíkà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ìwé kíkà máa ń fi ohun tí ẹnìkan kọ hàn wá. Kò lè fi ohun tí ó mọ̀ọ́mọ̀ má kọ hàn wá. Ẹni tó fi oògùn sínú tíì mọ ohun tó fi síbẹ̀. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì fò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá ka páálí yẹn yóò rí ohun kan náà tí ọlọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé rí. Kí ló dé tí ẹ fi wá ń gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù wá?

Bí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, nítòsí wa níbí, ní ìparí ọdún 2008. Oògùn olómi kan wà fún àwọn ìkókó tí ń hu eyín, My Pikin ni orúkọ rẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, kẹ́míkà kan tí kì í ṣe fún ènìyàn ti wọlé, èyí tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ 84 ló kú. Àwọn ìyá tó mọ̀wé wà nínú àwọn tó rà á. Wọ́n kà á, wọ́n sì wọ̀n ọ́n fún ọmọ wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. NAFDAC, àjọ tí ń ṣọ́ oògùn níbẹ̀, ló gbé e lọ sí lábò kí àṣírí tó tú.

Àwọn mìíràn á ní, “Ewé ni, ewé kì í pa ènìyàn.” Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó ń ba orúkọ àwọn àgbà wa jẹ́. Ẹ má ṣe rò pé àgbo ni mò ń bá jà. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pọbẹ̀, àwọn ènìyàn wà tó mọ ewé, tó mọ ìgbà tí a ń já a àti iye tí a ń fún aláboyún àti iye tí a kì í fún un. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá lọ hóró oògùn òyìnbó, tó dà á sínú ẹ̀tù ewé, tó wá ní ewé ló ṣe é, olè ni lẹ́ẹ̀mejì. Ó jí owó yín, ó sì jí orúkọ àwọn onísègùn. Bí àyà ẹnìkan bá dá lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn á ní, “Ẹ rí i, àgbo pa á.” Ó yẹ kí àwọn onísègùn wa gan-an wà níwájú nínú ìjà yìí, kí wọ́n sì máa gbé ọjà wọn lọ fún àyẹ̀wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú wọn.

Ẹ̀yin ará Kútọnu, a kò lè ṣe bí ẹni pé a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá. Gbogbo Áfíríkà Ìwọ̀-Oòrùn ló mọ orúkọ Ajégúnlẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa ń ta oògùn lórí tábìlì tẹ́lẹ̀ nínú ọjà Tọ́kpá. Ẹni tó bá gbọ́ Nàgó mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ: ajé ti gúnlẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, fún àwọn kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ìlú wa yìí ni Jacques Chirac, tó ti jẹ ààrẹ Fáransé rí, ti wá ṣe ìpè fún gbogbo ayé pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn. Wọ́n ń pè é ní Ìpè Kútọnu títí di òní. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn. Oògùn sì tún wà lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì. Ó di ọdún 2017 kí àwọn ọlọ́pàá tó ya wọ Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú agbára, tí wọ́n sì kó ẹrù lọ. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ Kútọnu dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ń kó oògùn wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní àwọn ìyá ọlọ́jà nìkan ni wọ́n ń bá ìlú jẹ́.

Mo yin ìjọba fún ohun tó ṣe lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí tábìlì ni wọ́n lé. Hóró oògùn tí a kò dárúkọ, tó wọ inú tíì lọ, kò sí lórí tábìlì. Ọlọ́pàá kò lè fi ojú rí i. Ajá tí wọ́n fi ń wá igbó ní Kraké kì í gbóòórùn rẹ̀. Oúnjẹ ni ìwé rẹ̀ pè é, oúnjẹ náà ni aṣọ́bodè yóò pè é. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ìjọba Benin ní àjọ kan fún oúnjẹ, ABSSA ni wọ́n ń pè é. Ó ní òmíràn fún oògùn, ABMed. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tíì tí oògùn wà nínú rẹ̀, ti ta ni? Lábò oúnjẹ máa ń wá ìdọ̀tí, oògùn kòkòrò, èbu tó hù lórí ẹ̀pà. Lábò oògùn máa ń yẹ ohun tó bá jẹ́ orúkọ oògùn wò. Ohun tó bá pe ara rẹ̀ ní oúnjẹ, tó sì jẹ́ oògùn, àárín ilé méjèèjì ló máa ń gbà kọjá, bí ewúrẹ́ tó bá rí ihò lára ọgbà.

Wọ́n lè ní ó ṣòro láti rí. Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọ́n á pò díẹ̀ nínú tíì náà mọ́ spírítì, wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọ́n ní pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun funfun kan kùn ún. Wọ́n á kán ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú omi tí wọ́n sẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátákó náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á kán sibutramine gidi tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n á wá ki ìdí pátákó náà bọ inú omi kẹ́míkà. Omi náà á máa gun òkè, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Bí ó ṣe ń gùn, ó ń gbé ohun tó bá lọ́nà. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá sí: òmíràn á lọ jìnnà, òmíràn kò ní kúrò nílẹ̀. Bí ohun kan láti inú tíì bá lọ dúró sí ibi tí sibutramine gidi dúró sí, ẹ ti mú ẹsẹ̀ olè. Ẹ̀rọ ńlá á wá jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rọ yẹn máa ń fọ́ ohun náà sí wẹ́wẹ́, á sì wọn wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí wẹ́wẹ́ oògùn méjì bára mu tán.

Ti ẹ̀rọ ńlá wọ́nwó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ti pátákó kékeré kò wọ́n. Ilé iṣẹ́ aláàánú kan ní Jámánì ṣe àpótí kan fún irú àyẹ̀wò yìí, Minilab ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn lè gbé e lọ sí ìlú tí kò ní lábò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà ti fi wá ayédèrú oògùn ibà fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára ìlú bí Kútọnu lọ.

Àwọn olè náà kò sùn, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé lábò ń wá sibutramine, wọ́n gé ẹ̀ka kékeré kan kúrò lára rẹ̀, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ kan náà ṣùgbọ́n kí ó má dúró sí ibi tí ó máa ń dúró sí lórí pátákó. Lábò tó bá ń wá ohun kan ṣoṣo yóò ní kò sí nǹkan. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé “a ti yẹ̀ ẹ́ wò” ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò tó.

Oògùn mìíràn wà tí wọ́n máa ń bá nínú àwọn ohun àtirù wọ̀nyí, phenolphthalein. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tà á fún àwọn tí ìgbẹ́ wọn kò já, kó tó di pé wọ́n rí i lára eku pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1999, Amẹ́ríkà lé e kúrò nínú oògùn ìgbẹ́. Ẹni tó bá mu ún á ṣu omi ara rẹ̀ dànù, á gun ìwọ̀n, á rí i pé òun fúyẹ́, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ tíì. Omi ló lọ, ọ̀rá wà níbẹ̀. Ohun kan wà nípa rẹ̀ tó wù mí: bí omi eérú, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, bá kàn án, pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bí òdòdó ló máa ń dà. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lábò nínú ilé ìdáná. Ewé sẹ́nà náà máa ń pọ́n bí omi eérú bá kàn án, ewé sẹ́nà sì wà nínú ọ̀pọ̀ tíì láìsí ẹ̀tàn. Ẹ óò pe olódodo lólè, ẹ óò sì fi olè sílẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé ìwà òtòṣì ni èyí, pé ilẹ̀ òyìnbó kò mọ̀ ọ́n: ní Fáransé, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan, Servier, ta hóró kan tí ń jẹ́ Mediator láti ọdún 1976 dé 2009. Wọ́n ní fún àrùn ṣúgà ni. Àwọn dókítà sì ń fún àwọn tó fẹ́ rù. Bí ó bá wọ inú ara, ohun kan náà ló ń dà bíi oògùn mìíràn tí wọ́n ti kó kúrò lọ́jà ní 1997 nítorí pé ó ń ba àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn jẹ́. Orúkọ ara páálí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Dókítà obìnrin kan ní ìlú Brest, Irène Frachon, ló jókòó tì í, tó ka ìwé àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì pariwo. Bíi mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ló ti lò ó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ ní Paris dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi ẹ̀tàn. Ẹ ka àwọn ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Orílẹ̀-èdè tó ní lábò ní gbogbo ìgboro ni mò ń sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èwo ni tiwa nínú àtirù? Àwa ń wá àtisanra ni.” Òótọ́ ni, ìlú yìí kan náà ni ẹnìkan ti ń ra tíì kí ikùn rẹ̀ wọlé, tí àbúrò rẹ̀ ń ra hóró kí ìdí rẹ̀ jáde. Ẹ̀tàn kan náà ni. Nínú ohun àtisanra, cyproheptadine àti dexamethasone ni ẹ óò bá. Ìkínní máa ń mú oorun àti ebi wá. Òun ló wà nínú Apetamin, tí kò ní ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkejì máa ń kó omi sí ojú àti ara, a sì máa rò pé a sanra. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ó tún burú ní ọ̀nà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹni tó ti lò ó pẹ́, tó bá kàn dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè kọ̀, nítorí pé ara ti gbàgbé bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń pèsè irú agbára bẹ́ẹ̀. Ìwà àtijọ́ kọ́ ni gbogbo èyí o. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic, abẹ́rẹ́ àrùn ṣúgà tí àwọn ènìyàn wá ń fi rù. Wọ́n ti bá a ní Brazil, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ohun tó bá dé ibẹ̀ mọ ọ̀nà Kútọnu.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ lábò wọ aṣọ bíi tiwa, kí wọ́n wá sí ọjà, kí wọ́n ra tíì yìí bí àwa ṣe ń rà á, láìsọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n má dúró de ohun tí olówó kó wá fún wọn, nítorí ẹni tó bá ń mú ẹrù wá fún àyẹ̀wò lè yan èyí tó mọ́ wá. Mo fẹ́ kí ABSSA àti ABMed jókòó papọ̀, kí wọ́n sọ fún ará ìlú ẹni tó ni ohun tó wà láàárín wọn. Mo sì fẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n bá rí sórí rédíò, ní Nàgó, ní Fọ̀n, ní Gùn, ní Bàríbá, kì í ṣe nínú ìwé Fàráńsé tí yóò sùn sínú dúrọ́ọ̀. Bí wọ́n bá lè ka àbájáde bọ́ọ̀lù fún wa lálaalẹ́, wọ́n lè ka èyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ní tiyín, ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má sọ páálí náà nù. Ẹ mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú èyí tó kù nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ohun tí mò ń mu nìyí àti iye ọjọ́ tí mo ti mu ún. Ẹ má tijú. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ọkàn ń sáré tí kò dúró, tàbí tí apá kan ara ń kú tipiri, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ hóró àtisanra ni ẹ ti lò fún oṣù púpọ̀, ẹ lọ bá dókítà kí ó bá yín dín in kù, kí ẹ má dá a dúró lọ́wọ́ ara yín. Bí ẹni tó tà á fún yín bá bínú pé ẹ gbé páálí òun lọ síbẹ̀, ẹ kọ orúkọ ohun tó ń tà sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á àti ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Kí ẹ mú un wá sí kíláàsì. A óò kọ lẹ́tà sí àjọ méjèèjì pẹ̀lú rẹ̀, ní Nàgó àti ní Fàráńsé, gbogbo wa óò sì fọwọ́ sí i ní orúkọ wa, láìfi ìka tẹ̀ ẹ́.